ÒJÉ TI BỌ́ SÍ OLÓÒṢÀ LỌ́WỌ́: Bí Àwọn Irin Wúwo Olóró Ṣe Ń Dá Ìpẹtà Sílẹ̀ Nínú Sẹ́ẹ̀lì Ènìyàn



1. Ìfáárà

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé, òjé ti bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Àwọn tí ó mọ ẹ̀sìn Ọbàtálá mọ ibi tí òwe náà ti wá, nítorí ẹ̀gbà òjé ni àwọn olùsìn òrìṣà náà ń wọ̀. Nígbà tí a bá ti fi í sí wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìgbà gbogbo. Ìdí nìyí tí a fi ń pa òwe náà nígbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán, tí apá ẹnikẹ́ni kò sì ká a mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé òwe yìí bá ìmọ̀ kẹ́místrì ara ènìyàn mu gidigidi. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé dání. Èkíní, kí ni òjé àti àwọn irin tí ó jọ ọ́ ń ṣe gan-an nígbà tí wọ́n bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì? Èkejì, èé ṣe tí ọmọdé fi ń jìyà rẹ̀ ju àgbàlagbà lọ? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ a rí ẹni tí ó lè bọ́ òjé náà bí ó bá ti wọlé tán? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó mú mi lọ́kàn jù, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí a kò ní gbọ́ ìpolówó àgbo tàbí oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ gbogbo májèlé kúrò nínú ara.

2. Irú irin wo ni à ń sọ?

Ní èdè wa, irin jẹ́ orúkọ ohun tí àgbẹ̀dẹ ń rọ, ó sì tún jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ohun tí ó jọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ mi, bí mo bá sọ pé irin wúwo, àpapọ̀ ni mo ń tọ́ka sí. Bí mo bá fẹ́ dárúkọ ti Ògún fúnra rẹ̀, èmi yóò pè é ní irin àgbẹ̀dẹ.

Kì í ṣe gbogbo irin ni ọ̀tá ara. Irin àgbẹ̀dẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, òun ni ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Síǹkì àti bàbà ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńsáìmù. Bí oúnjẹ kò bá fún wa ní ìwọ̀nba àwọn wọ̀nyí, àìsàn ni yóò dé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ara kò ní iṣẹ́ kankan fún: òjé, mẹ́kúrì àti kádíómù. Ásẹ́níìkì náà ń bá wọn kẹ́gbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irin pọ́nńbélé. Àlejò tí a kò pè ni gbogbo wọn.

Òjé ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ó ti pẹ́ láàrin wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún tánńganran. Òjé wúwo ju irin àgbẹ̀dẹ lọ, síbẹ̀ ó rọ̀. Iná tí kò ju ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ ti tó láti yọ́ ọ. Ìdí nìyí tí apẹja fi ń so ó mọ́ ìdí àwọ̀n, tí ọdẹ sì ń fi í rọ ọta ìbọn. Òun náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, nínú ọ̀dà ògbólógbòó tí a fi kun ògiri àti fèrèsé, àti nínú tìróò tí a ń lé sójú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí tìróò. Òkúta dúdú tí ń dán tí a ń lọ̀ fún ojúlówó tìróò jẹ́ òjé tí ó ti so pọ̀ mọ́ imí ọjọ́. Bí òjé ṣe ń wà nínú ilẹ̀ jù nìyẹn: ó nífẹ̀ẹ́ imí ọjọ́ púpọ̀, bí ó bá sì ti rí i, á dì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dúró lé.

3. Iná tí ń jó nínú ara

Ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ààrò kan wà, mitochondria ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń fi ọ́síjìn tí a mí símú jó oúnjẹ tí a jẹ, kí a lè rí agbára. Jíjó yìí kì í ṣe jíjó eléèéfín. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbé àwọn nǹkan kíkíní tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ́síjìn, tí ọ́síjìn yóò sì di omi.

Ṣùgbọ́n kò sí ààrò tí kì í ta ẹ̀ta iná. Nígbà mìíràn, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan a bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé e, a sì bá ọ́síjìn pàdé kí àsìkò tó tó. Ohun tí ó máa ń jáde nígbà náà ni superoxide. Láti ara rẹ̀ ni hydrogen peroxide ti ń wá, irú omi kan náà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò tí ó máa ń hó. Bí hydrogen peroxide bá pàdé irin àgbẹ̀dẹ tí ó wà lómìnira, a máa di hydroxyl, èyí tí ó burú jù nínú wọn. Onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, H. J. H. Fenton, ni ó kọ̀wé nípa ìpàdé irin àti hydrogen peroxide yìí ní ọdún 1894, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn.

Ohun tí ó mú kí hydroxyl burú ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ kò pé. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò gba tirẹ̀. Ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà yóò di aláìní, òun náà yóò sì gba ti ẹnìkejì. Báyìí ni olè jíjà náà yóò máa tàn kálẹ̀ nínú ọ̀rá tí a fi ṣe ògiri sẹ́ẹ̀lì, títí ògiri náà yóò fi máa jò. Bí ó bá kan purotéènì, purotéènì náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ó bá kan DNA, níbi tí ìwé àṣẹ ara wà, yóò já a tàbí kí ó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Bí irin àgbẹ̀dẹ bá wà níta tí afẹ́fẹ́ àti omi ń bà á, a máa dípẹtà. Ìpàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sọ́dọ̀ ọ́síjìn ni ìpẹtà yẹn. Nítorí náà, ohun tí mo ṣàpèjúwe yìí ni mo fẹ́ pè ní ìpẹtà inú sẹ́ẹ̀lì. Helmut Sies, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ni ó fún ọ̀ràn náà ní orúkọ àti ìtumọ̀ ní ọdún 1985: ipò tí agbára àwọn tí ń dá ìpẹtà sílẹ̀ ti borí agbára àwọn tí ń dènà rẹ̀.

4. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú sẹ́ẹ̀lì

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹlẹ́dàá kò fi ààrò sínú ara láìfi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ẹ̀ṣọ́ kìíní ni ẹ́ńsáìmù tí ń mú superoxide, tí ó sì ń sọ ọ́ di hydrogen peroxide; Joe McCord àti Irwin Fridovich ni ó ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Ẹ̀ṣọ́ kejì ni catalase, èyí tí ń tú hydrogen peroxide ká sí omi àti ọ́síjìn. Híhó tí omi yẹn ń hó lójú egbò, iṣẹ́ catalase inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni mo fẹ́ kí a mọ̀ dáadáa. Glutathione ni orúkọ rẹ̀. Ó kéré, èròjà mẹ́ta péré ni a so pọ̀ láti fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ni imí ọjọ́ tí ó wà láàrin rẹ̀. Imí ọjọ́ yìí ni ó ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tọrẹ fún àwọn aláìní, kí wọ́n má baà lọ jalè níbòmíràn. Bí glutathione méjì bá ti fi ti wọn tọrẹ tán, wọn a so mọ́ ara wọn. Ẹ́ńsáìmù mìíràn yóò sì tú wọn, yóò fún wọn ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tuntun, wọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńsáìmù ni ó tún ní imí ọjọ́ ní ibi tí iṣẹ́ wọn gbé wà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa tìróò ti lè máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

5. Ọ̀nà mẹ́rin tí òjé ń gbà

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mú àṣìmọ̀ kan kúrò. Irin àgbẹ̀dẹ àti bàbà lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀, nítorí náà àwọn fúnra wọn lè dá iná hydroxyl sílẹ̀. Òjé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ara. Òjé kì í dáná; àwọn panápaná ni ó ń dè lọ́wọ́.

Ọ̀nà kìíní nìyí: òjé wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó rí imí ọjọ́ lára glutathione, ó dì mọ́ ọn. Glutathione tí òjé ti dì mú kò lè tọrẹ mọ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ó yẹ kí ó dá àwọn tí ó ti lò tán padà sẹ́nu iṣẹ́ náà ní imí ọjọ́. Òjé ń dè wọ́n pẹ̀lú.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní ALAD. Ó wà lára àwọn tí ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Síǹkì ni ó ń ràn án lọ́wọ́, imí ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì di síǹkì náà mú. Bí òjé bá dé, yóò lé síǹkì kúrò, yóò jókòó sí àyè rẹ̀, kò sì ní ṣe iṣẹ́ tí síǹkì ń ṣe. Ohun méjì ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ yóò dínkù, ojú aláìsàn yóò funfun. Lẹ́yìn náà, èròjà tí ó yẹ kí ALAD lò yóò máa ṣẹ́ jọ, bí ọjà tí kò rí oníbàárà. Orúkọ èròjà yìí ni ALA. Bí ó bá ti pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ yóò máa fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù fún ọ́síjìn, superoxide yóò sì máa jáde. Òjé tí kì í dáná ti kó igi gbígbẹ jọ sí ẹnu ààrò.

Ọ̀nà kẹta wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún òjé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn pọ̀ sí, nítorí náà ọ̀rá ògiri wọn a tètè pẹtà, wọn a sì fọ́ kí ọjọ́ orí wọn tó pé.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ẹ̀tàn. Lójú ara, òjé jọ kálísíọ́mù, èròjà eegun àti wàrà. Ilẹ̀kùn tí ara ṣí fún kálísíọ́mù ni òjé ń bá wọlé, títí dé inú ọpọlọ. Kálísíọ́mù ni ó ń jíṣẹ́ láàrin sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan àti èkejì. Òjé wọ aṣọ ìránṣẹ́ náà, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an. Nínú mitochondria, ó ń da ètò kálísíọ́mù rú, ẹ̀ta iná sì ń pọ̀ sí i. Ọpọlọ ń lo ọ́síjìn púpọ̀, ó sì kún fún ọ̀rá. Bí ìpẹtà bá dé ibẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

6. Àwọn ìbátan òjé

Ìwà àwọn yòókù kò yàtọ̀ púpọ̀. Mẹ́kúrì nífẹ̀ẹ́ imí ọjọ́ ju òjé lọ, ó sì tún ń dè sẹ̀lẹ́níọ́mù, ìbátan imí ọjọ́, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kan nílò. Ní Minamata ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja gbé e mì, àwọn apẹja sì jẹ ẹja náà. Ní ọdún 1956 ni a kọ́kọ́ kéde àìsàn ọpọlọ tí ó bá wọn jà. Ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà pé ilé-iṣẹ́ náà ni ó fà á. Ọdún 1968 yìí kan náà ni a gbà ní Toyama pé kádíómù tí ó ti ibi ìwakùsà ṣàn sínú odò Jinzu, tí a sì fi omi rẹ̀ gbin ìrẹsì, ni ó ń sọ eegun àwọn obìnrin di ẹlẹgẹ́.

Ara kò káwọ́ gbera níwájú kádíómù. Purotéènì kan wà tí à ń pè ní metallothionein, Margoshes àti Vallee ni ó yọ ọ́ láti inú kíndìnrín ẹṣin ní ọdún 1957. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta èròjà rẹ̀ ni ó ní imí ọjọ́, ó sì ń di kádíómù mú sínú ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n inú kíndìnrín ni ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wà, ẹlẹ́wọ̀n a sì máa lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Ẹni tí ń fa sìgá ń fi kún wọn lójoojúmọ́, nítorí ewé tábà a máa fa kádíómù láti inú ilẹ̀.

7. Àwọn ọmọdé

Bí àgbàlagbà bá gbé òjé mì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ti ọmọ kékeré lè tó ìdajì. Bí ebi bá ń pa ọmọ náà, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní irin àgbẹ̀dẹ àti kálísíọ́mù tó, èyí tí yóò wọlé yóò tún pọ̀ sí i, nítorí ilẹ̀kùn tí ebi ṣí sílẹ̀ ni òjé ń bá wọlé. Ọmọdé a sì máa rá nílẹ̀, a máa fi ọwọ́ sẹ́nu. Lékè gbogbo rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń wa wúrà, wọ́n sì ń gbé òkúta rẹ̀ wá sílé láti lọ̀. Òkúta náà kún fún òjé. Eruku rẹ̀ bo àgbàlá, ó bo ìkòkò oúnjẹ. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọmọdé, wọ́n sì ń kú. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières dé Yargalma, tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, òjé ni a bá. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400. A ní láti hú ilẹ̀ àgbàlá kúrò ní abúlé lẹ́yìn abúlé. Ti Bagega kò parí títí di ọdún 2013.

Kí ará ìhà ìwọ̀-oòrùn má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí òun. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí a mú wá láti ilé ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí a wọn tìróò náà, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ òjé. Ìfẹ́ ni àwọn òbí náà fi ṣe é. Lọ́dọ̀ wa nílé náà, ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ògbólógbòó wà ní Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn mìíràn sì ń yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé lórí iná igi. Èéfín rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó wọlé.

8. Ta ni yóò bọ́ ọ?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé bí òjé bá tó máíkírógíráàmù 5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí a wá ibi tí ó ti ń wá, kí a sì dí i. Máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù. Kò sí ìwọ̀n tí a mọ̀ tí kò léwu. Bí ó bá tó 45 lára ọmọdé, a ó fún un ní oògùn. Oògùn yìí fi ọgbọ́n òjé mú òjé: imí ọjọ́ méjì ni ó nà síta bí ọwọ́ méjì. Òjé yóò fi ibi tí ó wà sílẹ̀, yóò dì mọ́ oògùn náà, yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ ní Oxford ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti gba àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ gáàsì ásẹ́níìkì. Succimer ni èyí tí a ń lò jù fún àwọn ọmọdé báyìí, ó sì wà lára ohun tí a fi gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là ní Zamfara.

Ǹjẹ́ a ti rí baba ẹni tí yóò bọ́ òjé bí? Ẹ jẹ́ kí a má tíì yọ̀. Lára àgbàlagbà, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún òjé tí ó jẹ́ pé inú eegun ni ó sá sí. Ti inú ẹ̀jẹ̀ a máa dínkù sí ìdajì ní nǹkan bí oṣù kan. Ti inú eegun lè gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, tí eegun rẹ̀ ń tú kálísíọ́mù sílẹ̀ fún ọmọ, òjé ìgbà èwe rẹ̀ a bá a jáde. Èyí tí ó dùn mí jù ni àbájáde ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 2001. Ọmọ 780 tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàrin 20 sí 44 ni wọ́n pín sí méjì: wọ́n fún apá kan ní succimer, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní agbára. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lo succimer dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán òye wọn wò, wọn kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Oògùn lè lé olè jáde. Kò lè dá ohun tí ó ti bàjẹ́ padà.

Bí oògùn tí a mọ ìṣẹ́ rẹ̀ bá ní ààlà báyìí, kí ni kí a sọ nípa àgbo tí a ní ó ń fọ gbogbo májèlé? Èmi kò kẹ́gàn ewé àti egbò. Ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà ń fún ara ní ohun ìjà láti kojú ìpẹtà, irin àgbẹ̀dẹ àti kálísíọ́mù inú oúnjẹ sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òjé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń mu àgbo nígbà tí eruku òjé ń wọ inú ilé rẹ̀ ń fi agbọ̀n gbọ́n omi ni.

9. Ìkádìí

Mo ti fi hàn pé òjé ń dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì nípa dídè àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, pé imí ọjọ́ ni okùn tí ó fi ń dè wọ́n, àti pé ọpọlọ ọmọdé ni ó ń san gbèsè náà jù. Ohun tí ó kàn wá láti ṣe kò sí nínú ìgò oògùn. Ó wà lọ́wọ́ wa kí a má ṣe lé tìróò olójé fún ọmọ mọ́, kí a máa fi omi pa eruku kí a tó gbálẹ̀, kí ẹni tí ń tún bátìrì ṣe bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀, kí ìjọba sì dá iná tí a fi ń yọ́ òjé láàrin àdúgbò dúró.

Àpẹẹrẹ wà pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1921 ni Thomas Midgley rí i ní Amẹ́ríkà pé òjé inú epo bẹntiróòlù ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ geere, gbogbo ayé sì ń fa èéfín rẹ̀ simú. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar ní 2001, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti yọ ọ́ kúrò. Ní 2021, Algeria tí ó kù gbẹ̀yìn ní gbogbo àgbáyé náà jáwọ́ fún epo ọkọ̀. Kì í ṣe pé a fọ òjé kúrò nínú ènìyàn. A dẹ́kun fífi í sí wọn lọ́wọ́ ni.